Ta Ló Fi Oró Sínú Iṣin?

Ní agbègbè Jẹ́ríkò nílùú Ìbàdàn, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Iṣin. Ibẹ̀ ni NIHORT fìdí kalẹ̀ sí, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 láti máa ṣèwádìí lórí èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó. Ìbàdàn ní Ìdí-Àpẹ, ó ní Ìdí-Arẹrẹ. Igi ni àwọn àgbà fi ń júwe ilẹ̀ kí ọ̀dà tó dé ojú títì. Ṣùgbọ́n igi tó fún Ìdí-Iṣin lórúkọ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èso rẹ̀ ń bọ́ ọmọ, èso kan náà sì ń pa ọmọ, ohun tó wà láàárín méjèèjì kò sì ju ìwọ̀nba ọjọ́ lọ.

Ẹni tó bá ti rí iṣin tó là lórí igi rí kì í gbàgbé. Èso náà á pọ́n, èèpo rẹ̀ á sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ó bá gbó tán, èèpo yìí á là fúnra rẹ̀, kóró dúdú mẹ́ta tó ń dán á yọjú síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì jókòó sórí ẹran funfun kan tó sanra, tó ń kún ẹnu. Ẹran funfun yẹn ni à ń jẹ. Àwọn kan ń jẹ ẹ́ ní tútù lábẹ́ igi níbẹ̀, àwọn mìíràn ń dín in, àwọn mìíràn ń fi í se ọbẹ̀. Ọ̀rá wà nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ó ń mú ènìyàn yó ju ọ̀pọ̀ èso tó dùn ún jẹ lọ. Ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Benin, àwọn obìnrin ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Èèpo àti kóró rẹ̀ kì í ṣòfò: wọ́n ń sun wọ́n, wọ́n sì ń fi eérú wọn ṣe ọṣẹ. Igi rẹ̀ le, ikán kì í sì í tètè rí i gbé ṣe, ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀lé fi ń wá a.

Kí èèpo yẹn tó là ńkọ́? Oró ló wà níbẹ̀. Hypoglycin A ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nínú kílógíráàmù kan ẹran iṣin tí kò gbó, ó lè ju mílígíráàmù 1,000 lọ. Bí èso náà bá fúnra rẹ̀ là lórí igi, oró inú ẹran náà á ti lọ sílẹ̀ débi tí ènìyàn fi lè jẹ ẹ́ láìfòyà. Inú kóró dúdú ni kì í ti í kúrò, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í jẹ kóró iṣin láé. Awọ pupa tín-ín-rín tó wà láàárín ẹran náà, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́ dànù. Sísè kì í sọ iṣin àìgbó di oúnjẹ, dídín kì í sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹni tó já a láìgbó, tó fi ọ̀bẹ là á tipátipá, ikú ló là.

Ẹni tó bá gbà pé Olódùmarè ló dá ayé, pé rere sì ni ìwà Rẹ̀, kò lè kọjá lábẹ́ igi yìí láìdúró. Kí ni oró ń wá nínú oúnjẹ?

Ìdáhùn kan wà tó jẹ́ ti igi fúnra rẹ̀. Kóró iṣin kì í pẹ́ kú. Bí wọn kò bá tètè gbìn ín nígbà tó ṣì tutù, kò ní hù mọ́. Bí ẹyẹ tàbí ẹranko bá já èso náà kí kóró tó gbó, ìran igi náà parẹ́ nìyẹn. Oró yìí ni igi fi ń ṣọ́ kóró rẹ̀, bí abiyamọ ṣe ń ṣọ́ ọmọ tí kò tíì lè rìn. Ọjọ́ tí kóró bá tó ìrìn àjò ni èèpo á ṣí, pupa rẹ̀ àti dúdú rẹ̀ á wá máa pe ẹyẹ láti òkèèrè, ẹran funfun á sì jẹ́ owó ọkọ̀ tí igi san fún ẹni tó bá gbé kóró náà lọ. Ní ojú igi, oró yìí ire ni. Àwa la pè é ní ibi, nítorí pé àwa ni ebi ń pa lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn Yorùbá ní gbólóhùn kan fún irú èyí: tibi tire la dá ilé ayé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lo gbólóhùn yìí jù. Nílé òkú, níbi ìjàm̀bá ọkọ̀, lẹ́yìn ìjà ìdílé, ẹnìkan á sọ ọ́, gbogbo ènìyàn á mi orí, ìbéèrè á sì kú sí wọn lẹ́nu. Ó yẹ ká bi í pé: bí tibi tire bá jọ wà nínú èso kan ṣoṣo, ta ni wọ́n fi sílẹ̀ láti ya wọ́n sọ́tọ̀?

Àwọn ẹ̀sìn ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì tipẹ́. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, igi kan wà láàárín ọgbà tí a kà léèwọ̀ pátápátá fún ọkùnrin àti obìnrin àkọ́kọ́. Wọ́n jẹ ẹ́, ikú sì wọlé. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ ìtàn Ánábì Ádámà àti igi tí wọ́n ní kí ó má sún mọ́. Bí a bá wo iṣin dáadáa, kò bá igi ọgbà yẹn mu. Kò sí ẹni tó ka iṣin léèwọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni pé kí ó dúró. Èèwọ̀ àti sùúrù kì í ṣe ọ̀kan náà: èèwọ̀ ń dán ìgbọràn wò, sùúrù ń béèrè pé kí ènìyàn mọ àsìkò.

Augustine, ọmọ Áfíríkà tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí, sọ ọ̀rọ̀ lórí èso pẹ̀lú. Nínú ìwé tó fi jẹ́wọ́ ayé rẹ̀, ó sọ bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe jí èso píà ọlọ́gbà kan nígbà èwe wọn, tí wọ́n sì da púpọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ro ibi tí ibi ti wá, ibi tó sì gúnlẹ̀ sí ni pé ibi kò ní ara tirẹ̀. Àìsí rere ni, bí òkùnkùn ṣe jẹ́ àìsí ìmọ́lẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí bá iṣin lára mu. Ohun tí iṣin àìgbó ṣaláìní ni àkókò, bí àkókò bá sì pé, ibi inú rẹ̀ á tán. Ìdajì kejì ni kò bá a mu. Hypoglycin kì í ṣe àìsí nǹkan kan. Ó ní ara, ó ní ìwọ̀n, wọ́n ń gbé e sórí òṣùwọ̀n ní yàrá ìwádìí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nítorí rẹ̀ kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni pé ohun tí kò sí ló pa á.

Ojú tí àwọn onífá fi wò ó sún mọ́ igi náà jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé Ifá gba àwọn ajogun gẹ́gẹ́ bí agbára tó wà lóòótọ́: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọn kì í ṣe àṣìṣe Olódùmarè, wọn kì í sì í ṣe àlá. Ènìyàn ń gbé láàárín wọn àti láàárín àwọn òrìṣà, ohun tó sì máa fi rìn ín já ni orí rẹ̀, ẹbọ rẹ̀, ìwà rẹ̀ àti ìmọ̀ tó bá gbà lọ́wọ́ àgbà. Àwọn oníṣègùn tó ń bá Ọ̀sanyìn ṣiṣẹ́ mọ èyí lójoojúmọ́: ewé kan náà ni, ìwọ̀n àti àsìkò ló ń sọ ọ́ di oògùn tàbí ikú.

Ilé ìdáná Yorùbá kún fún irú ìmọ̀ yìí. Ẹ̀gẹ́, tí wọ́n gbé wá sí Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ní oró sáyánáìdì nínú. Wọ́n ń rin ín, wọ́n ń dì í sápò, wọ́n ń gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ á fi jò dànù, wọ́n á sì yan án kí ó tó di gàrí. Ọwọ́ ènìyàn ló ń lé oró inú ẹ̀gẹ́ jáde. Iṣin kò fún ọwọ́ láàyè bẹ́ẹ̀. Iná kò ràn án, ọlọ kò ràn án. Igi nìkan ló lè parí iṣẹ́ náà, ohun tó sì kù fún ènìyàn láti ṣe ni kí ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dúró.

Ìmọ̀ yìí la òkun já. Àkọsílẹ̀ wà pé ní 1778 ni Thomas Clarke, dókítà tó ń mójú tó ọgbà ewéko ìjọba ní Jàmáíkà, rí iṣin gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó ẹrú láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 1793, William Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ tí àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti dìtẹ̀ mọ́ nínú ọkọ̀ Bounty lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, gbé e láti Jàmáíkà lọ sí ọgbà Kew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko fi di Blighia sapida. Orúkọ Bligh wà lórí igi náà títí dòní. Àwọn tó mọ ìgbà tí à ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n wọ ọkọ̀ kan náà tí kóró rẹ̀ wọ̀, kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Lónìí, ackee ni wọ́n ń pè é ní Jàmáíkà. Èso orílẹ̀-èdè wọn ni, wọ́n sì ń sè é pẹ̀lú ẹja oníyọ̀ fún oúnjẹ tí gbogbo ará ibẹ̀ ń fi yangàn. Ẹni tó bá ń sè é á kọ́kọ́ yọ kóró, á yọ awọ pupa, á bọ ẹran náà, á sì da omi rẹ̀ nù. Òfin àkọ́kọ́ ibẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn: kí èso náà ya ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Síbẹ̀ àwọn ọmọdé ti kú ní Jàmáíkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn kan ń jà níbẹ̀ ní ìgbà òtútù, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, gìrì á mú un, á dákú, ikú á sì dé láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní 1916, dókítà Harold Scott tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ackee àìgbó wà nídìí rẹ̀. Ní 1954, Hassall, Reyle àti akẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì tó wà ní Jàmáíkà yọ oró náà sọ́tọ̀, wọ́n sì fún un lórúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Ní 1973 ni Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ ackee inú agolo, wọn kò sì ṣí i títí di 2000, nígbà tí wọ́n fi òdiwọ̀n lélẹ̀ tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé.

Èyí tó yẹ kó dùn wá jù ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Láti oṣù January sí oṣù May ọdún 1998, àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Burkina Faso. Wọ́n ń bì, gìrì ń mú wọn, wọ́n ń dákú. Àwọn 29 ni wọ́n kà, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà. Àwọn olùwádìí wo oúnjẹ, wọ́n wo oògùn apakòkòrò. Ohun tó ya ilé àwọn ọmọ tó kú sọ́tọ̀ kúrò lára ilé yòókù ni igi iṣin tó wà láàárín ọgọ́rùn-ún mítà sí ilé wọn.

Àlàyé ohun tí oró yìí ń ṣe nínú ara ló yí ìbéèrè ẹ̀sìn náà padà. Ara ènìyàn ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Bí èyí bá tán, ara á yíjú sí ọ̀rá, á máa sun ún, á sì fi agbára rẹ̀ ṣe ṣúgà tuntun tí ọpọlọ á máa lò. Ọ̀nà kejì yìí ni hypoglycin ń dí. Ọmọ tó jẹun yó ní ìpamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí èyí gbé e títí oró á fi rọlẹ̀. Ọmọ tí ebi ti ń pa tẹ́lẹ̀ kò ní ìpamọ́ kankan. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, ọpọlọ á sì dáṣẹ́ dúró. Ọmọ tí ebi ń pa náà sì ni kò lè dúró kí èso là. Ebi kan náà ló tì í sábẹ́ igi, òun kan náà ló sì gba ohun tí ì bá fi là á já.

Ẹ̀rí rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní agbègbè Muzaffarpur ní ìpínlẹ̀ Bihar, ní India, èso litchi pọ̀ jọjọ. Ìdílé kan náà ni litchi àti iṣin, ó sì ní oró tó jọ ti iṣin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí litchi bá ń pọ́n, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sùn láyọ̀, wọ́n ń jí láàárọ̀ pẹ̀lú gìrì. Ní 2014, ọmọ 390 ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn méjì, 122 nínú wọn sì kú. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn ọmọ tó jẹ litchi ní ọ̀sán, tí wọn kò sì jẹ oúnjẹ alẹ́, ni ewu pọ̀ sí lórí jù. Ìmọ̀ràn tí àwọn olùwádìí gba àwọn òbí ni pé kí wọ́n dín litchi tí ọmọ ń jẹ kù, kí ọmọ má sì sùn láìjẹun alẹ́.

Oúnjẹ alẹ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti kọ ìwé ńláńlá láti gba Ọlọ́run lẹ́jọ́ lórí ibi tó wà láyé, síbẹ̀, nínú ilé àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwo oúnjẹ kan lè dúró láàárín ọmọ àti ikú.

Kì í ṣe pé èyí dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìmọ̀ ti wà láyé, pé ẹni tí kò wá a ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó lọ bá ọmọ ọdún mẹ́ta sọ ọ́. Ọmọ yẹn kò kọ ìmọ̀ sílẹ̀. Kò mọ̀ pé ìmọ̀ wà. Ó rí ohun pupa lórí ẹ̀ka, ọwọ́ rẹ̀ tó o, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bí Olódùmarè bá fi oró ṣọ́ kóró igi, kí ló fi ṣọ́ ọmọ ènìyàn? Ìbéèrè yìí tọ́, kò sì yẹ kí pásítọ̀, ààfáà tàbí babaláwo kankan lé ẹni tó bá bi í jáde. Ìdáhùn tí a lè rí nínú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ yìí ni pé àgbà ni wọ́n fi ṣọ́ ọmọ. Ìlú tí àgbà rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀, tí ìkòkò rẹ̀ sì ṣófo, ìlú náà ti kúrò nídìí ìṣọ́. Nígbà tí ọmọ 29 bá kú ní agbègbè kan, ẹ̀sùn tó kàn kò tíì dé ọ̀run. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n nílé wọn, àti lọ́dọ̀ àwa tí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣin já lẹ́nu wa.

Ó sì ń já. Àwọn tó ń kọ́lé nígboro ń gé iṣin lulẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi í sílẹ̀ fún ibòòji láìmọ ohun tó jẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí fúláàtì, tó lọ lo ìsinmi ní abúlé ìyá ìyá rẹ̀, lè má gbọ́ orúkọ igi náà rí kí ó tó bá a pàdé. Gígé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Igi tó ń fúnni ní oúnjẹ ọlọ́ràá, ọṣẹ, pákó àti ibòòji kò yẹ ní pípa nítorí pé a kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Wàásù ọjọ́ Ìsinmi àti kútúbà ọjọ́ Jímọ̀ lè gba gbólóhùn méjì lórí rẹ̀ nígbà tí èso bá wà lórí igi. Olùkọ́ lè mú èyí tó là àti èyí tí kò là wá sí kíláàsì, kí ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ojú àwọn ọmọ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó wá kóró tuntun láti inú èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kí ó má sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró pẹ́ lè bó èèpo díẹ̀ lára ẹ̀ka igi tó ti ń so, kí ó fi iyẹ̀pẹ̀ tútù dì í títí á fi ta gbòǹgbò, kí ó tó gé e lọ gbìn. Irú èyí máa ń tètè so. Èyí tí wọ́n gbin láti kóró máa ń lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí tọkọtaya bá gbin iṣin sẹ́yìnkùlé ní ọdún tí wọ́n bí ọmọ wọn, ìgbà tí èso àkọ́kọ́ bá máa yọ, ọmọ náà á ti tó ọjọ́ orí àwọn ọmọ Burkina Faso wọ̀nyẹn, á sì ti lè na ọwọ́ sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Àkókò tí wọ́n ní nìyẹn láti kọ́ ọ.